Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hàwáwù ti wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sì pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin lórúkọ rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Eyínfúnjowó ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, torí pé ẹ̀rín ọmọge náà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyàwó yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu wọn, nígbà tó sì yá, gbogbo àdúgbò ò mọ orúkọ mìíràn mọ́.

Eyínfúnjowó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ìdúmàgbò, ṣùgbọ́n ìwé ló ń kọ. Ẹ̀bùn Ìwé Àpapọ̀, tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé kan ṣoṣo lọ́dọọdún ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ló gbé sọ́kàn. Bó bá ń wọn òwú fún oníbàárà, ìtàn ẹ̀bùn náà ni yóò máa sọ. Olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú tó ń jẹ́ Dáfídì ló kọ́kọ́ gbà á. Yéwándé, nọ́ọ̀sì kan, tẹ̀lé e, ewì ló fi gbà á. Lọ́dún kẹta, àwọn adájọ́ ní kò sí ìwé tó yẹ, wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn gan-an ni Eyínfúnjowó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́dún kẹjọ, ọkùnrin kan mú ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú kọ, ó pè é ní tirẹ̀, ó sì gbẹ̀bùn. Àṣírí tú, wọ́n gbà á padà. Látìgbà náà ni òfin ti dé: ẹni tó bá yege gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé níṣojú aṣojú wọn kí aago méjì ọ̀sán tó lù lọ́jọ́ ìkéde, kí ará ilé rẹ̀ kan sì fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ láti jẹ́rìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ṣe ìkejì ló ni ín.

Ìgbà mọ́kànlá ló ti fìwé ránṣẹ́, Hàwáwù ò sì gbàgbé ọ̀kankan. Lọ́dún tó fi ìkeje ránṣẹ́ ni òjò wọ yàrá, tó ba ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni Eyínfúnjowó fi tún un kọ. 

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn aago méjìlá, Hàwáwù àti Bilqis, ìyàwó kékeré ilé, ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé fáìlì dání yọjú.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi. Olúwafẹ́mi lorúkọ mi. Mo ń wá Morufat Ọláyínká."

Hàwáwù wo fáìlì náà. Ẹni tó gbé irú rẹ̀ wá kẹ́yìn, ọ̀dà pupa ló fi kọ nọ́ńbà sára ògiri wọn pé ìjọba fẹ́ wó o.

"A ò ní Morufat níbí."

"Àdúgbò yìí ló kọ sílẹ̀, mà. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ti bi ilé mẹ́fà."

"Ilé wa ló ṣìkeje," ni Bilqis wí. "Ẹ tún bi ìkẹjọ." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó gba ọ̀nà Apọ́ngbọ̀n lọ.

Wọ́n ṣa ẹ̀wà síwájú. Bilqis ló tún dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ má bínú o. Àǹtí Eyínfúnjowó, kí ni bàbá wọn sọ wọ́n gan-an?"

Hàwáwù la ẹnu láti dáhùn. Orúkọ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ranjú. Ó dìde, àwo ẹ̀wà dojú dé.

"Yéè! Mo ti lé oríire jáde nílé! Bilqis, sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ o!"

Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò rántí rẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó sáré.

"Àǹtí Hàwáwù, ṣé olè ni?" ni aránṣọ kan pariwo.

"Olè kọ́, ẹ̀bùn ni!"

Ó bá Olúwafẹ́mi ní Apọ́ngbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ ọkọ̀ Obalende. Ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó wà nílé wa!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò ní in, mà."

"N ò purọ́. Ìyàwó ilé ni mí!"

Olúwafẹ́mi ò mọ èyí tí yóò gbà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló gbà á sílẹ̀. "Ọ̀gá, wọn kì í pe orúkọ ni. Ṣé ìlú òyìnbó ni wọ́n bí yín sí? Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ jàre!"

Ó ti kọjá aago kan ààbọ̀ kí wọ́n tó dé Ìdúmàgbò. Eyínfúnjowó dúró láàárín àwọn oníbàárà, ìdì òwú dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, Bilqis ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Morufat Ọláyínká?"

"Èmi ni."

"Ta ni ará ilé yín tó máa jẹ́rìí?"

Bilqis sá sẹ́yìn ìyáálé rẹ̀. "Èmi kọ́ o! N ò tíì lo ọdún méjì nílé."

Hàwáwù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ìyàwó mi," ni Eyínfúnjowó dáhùn, "ẹ pè é kó dé Obalende."

"Morufat Ọláyínká!"

Nǹkan kan ò ṣe é lẹ́nu. Ó tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù òdìkejì yọjú.

"Ó ti tó, mà," ni Olúwafẹ́mi wí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pa á mọ́."

Olúwafẹ́mi ṣí fáìlì. "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ gba Ẹ̀bùn Ìwé Àpapọ̀ ti ọdún yìí."

 Oníbàárà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kú oríire o! Bọ́tìnì mẹ́fà mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, Bilqis ń jó. Ọwọ́ tó tún ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá kọ mú bírò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé ìwé náà. Hàwáwù fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ káńtà.

"Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

"Ibi tí àtàǹpàkò ìyàwó yín wà yẹn, mà."

Hàwáwù sún àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, Morufat sì fọwọ́ sí i. Aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìlá.