Orí Adìẹ Kọjú sí Suqin

Ní Jinjiang, ìlú kan ní Ṣáínà, kò sí àdúgbò tí kì í ṣe nǹkan tà. Òpópónà kan ń ṣe bàtà, èkejì ń ṣe síìpù, ti etí òkun níbi tí Tao Suqin wà ń ṣe agbòjò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni obìnrin yìí ti ń rán aṣọ agbòjò mọ́ irin. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí kì í pè é, yàrá kótópó kan lókè ilé iṣẹ́ ló ń sùn. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ti Suqin, oko náà nilé.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́dọọdún ni àjọjẹ ìparí ọdún. Ẹ tiẹ̀ wo àṣà burúkú! Ọ̀gá kì í la ẹnu lé èèyàn lọ. Odindi adìẹ ni wọ́n á gbé sáàárín tábìlì. Ẹni tí orí adìẹ bá kọjú sí, kó yáa di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Cai, ọ̀gá wọn, ara rẹ̀ ló máa ń kọ orí adìẹ sí, kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀.

Nígbà kan, ogún tábìlì kì í gbà wọ́n. Lọ́sàn-án àjọjẹ tọdún yìí, mẹ́rin péré ló kún. Suqin ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà, nítorí náà tábìlì ọ̀gá ló jókòó sí. Ó yí pátákó roboto àárín tábìlì tí wọ́n gbé gbogbo oúnjẹ lé, kó lè bu ẹja fún Fengxian, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹun jàre, Àǹtí!" ni Fengxian wí. "Àbí ẹ fẹ́ kí ẹja kọ́kọ́ kí yín ni?"

Ìgbà tí Suqin máa gbójú sókè, orí adìẹ ń wò ó ní tààrà.

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó rọra dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, ó gòkè, ó di aṣọ díẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú àpò. Níbo ló ń lọ gan-an? Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ẹnu géètì ni Bàbá Cai ti bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Suqin! Ta ló lé ọ?"

"Adìẹ ni, Bàbá."

"Adìẹ wo? Ara mi ni mo kọ orí ẹ̀ sí! Ìwọ lo yí i síra ẹ nígbà tó ò ń wá ẹja kiri, alájẹkì!"

Suqin bú sẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. Àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Háà! Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ti rò pé ó ti parí fún mi. Ó túmọ̀ sí pé kò séwu lọ́dún yìí náà?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ojú òkun ló ń wò.

"Tọdún yìí tí mo kọ ọ́ síra mi kì í ṣe torí ìfọ̀kànbalẹ̀. Èmi gan-an ló ń lọ. Mo ti ta ibí. Ilé gogoro ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Mo ní kí ẹ jẹun tán kí n tó sọ ọ́, ni mi ò rí ọ mọ́."

Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín Fengxian láti inú gbọ̀ngán.

"Ọjọ́ mélòó ló kù, Bàbá?"

"Mẹ́sàn-án."

Suqin gbé àpò rẹ̀, ó padà gòkè. Ó tú ẹrù náà, ó gbé ife tíì padà sójú fèrèsé níbi tó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe òní, ló sọ fún ara rẹ̀.