Yàrá Àkọ́kọ́ Tó Ṣófo

Oṣù mi ò pé tí mo fi wáyé, màmá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù. Ẹgbẹ́ olórin kan ní Òṣogbo fẹ́ gba ẹni kan ṣoṣo tó ń fọn fèrè tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ìparí oṣù sì ni ìdánwò. Èmi Malikah, ọmọ Ìlobùú, tí mo ti ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ìwé orin ni wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni wàhálà mi. Bàbá Àkànó, tíṣà orin tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ mi. Ìfọ́n ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní àwọn ìlà tó dúró ṣánṣán ló pín orin sí yàrá yàrá, àti pé nọ́ńbà tó wà lókè níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rin, ń sọ pé bíìtì mẹ́rin, bí ìgbà téèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ló ń gbé inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ nínú orin ìdánwò yìí, àmì ìdákẹ́ nìkan ló wà ní yàrá àkọ́kọ́. Èèyàn á ka mẹ́rin láìfọn nǹkan kan!

"Kí ni wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ fún?" mo bi wọ́n.

"Ìdákẹ́ náà wà lára orin. Bí o bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣé o máa ń dìde kí wọ́n tó dáhùn ni?"

"Bí wọn ò bá tètè dáhùn ńkọ́, sà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Malikah."

"Ẹlòmíì á ti gba iṣẹ́ lọ, sà!"

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wa méjèèjì. Ọ̀nà dí. Fóònù la wá ń lò. Bàbá á máa fi àtẹ́wọ́ ka mẹ́rin fún mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi àtẹ́wọ́ falẹ̀, èmi á ti fọn.

"O tètè dé!"

"Ẹ̀yin lẹ pẹ́, sà!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Jàlálù, ìyàwó wọn, gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

"Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi jóná ráúráú nínú ìjà yìí. Ojoojúmọ́ lò ń pe ilé mi, fèrè, fèrè, fèrè! O ò tiẹ̀ lanu sọ pé, 'Ìyá, ẹ kú àdánù.' Má pè wá mọ́."

Wọ́n pa fóònù. Háà! Inú bí mi. Ṣé èmi ni mo dáná sun ún ni? Mo gbé fèrè, mo tètè dé. Mo tún gbé e, mo tún tètè dé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni ìyá yẹn sọ.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣí ọ̀nà. Mo gbé fèrè kọ́ èjìká, ó di Ìfọ́n. Ọlọ́kadà kọ̀, kò wọ àárín ìlú, ó ní òun ṣì fẹ́ràn ẹ̀mí òun. Mo fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìyá Jàlálù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú àdánù ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kú ìrọ́jú. Allah á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀."

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ń gún mi lórúnkún. Gbogbo ara ló ń ní kí n dìde, kí n ṣàlàyé, kí n pariwo pé èmi kọ́. Mo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìyá ò sọ̀rọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Bàbá wúkọ́ nínú ilé, wọn ò jáde. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Mi ò mọ iye yàrá òfìfo tí mo kà.

"Àmín," ni Ìyá Jàlálù sọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ṣé orúnkún ò dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí, mà."

"Dìde. Fọn fèrè náà kí n gbọ́, èyí tó jẹ́ kí o gbàgbé mi."

Mo dìde, mo gbé fèrè sẹ́nu. Àtẹ́wọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan láàárín wa.

"Ó yá, fọn ọ́n!" Ìyá kánjú. "Kí lò ń dúró dè?"

Mo yọ fèrè lẹ́nu díẹ̀.

"Ó ku méjì, mà."