Wákàtí Mẹ́fà Tó Kù

Ogójì kọ̀ǹpútà ló wà nínú yàrá kan ní yunifásítì, wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò wọ́n, ilé ìwòsàn pẹ̀lú ń lò wọ́n. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn kì í ṣojúsàájú. Ẹni tó bá ń wá ojú rere lọ́dọ̀ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé àjèjì ti wọ inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ó sì ń kan ilẹ̀kùn ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà. Orúkọ tó fi wọlé, orúkọ àbúrò obìnrin náà ni.

Ó pè é lórí fóònù.

"Ta lo fún ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun fẹ́ wo bí iṣẹ́ mi ṣe ń lọ."

"Ó ti wò ó. Mo fẹ́ pa gbogbo ẹ̀rọ."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìṣirò tí àbúrò fẹ́ fi gboyè ọ̀mọ̀wé ti wà lórí àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀la ló gbọ́dọ̀ kó o fún àwọn olùkọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mẹ́fà péré ló kù."

"Ṣebí ẹ̀rọ ń tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé? Wàá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

"Mo ti ní kó má tọ́jú ẹ̀ mọ́. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn."

"O kú ọgbọ́n."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣáà yọ àwọn mẹ́ta yẹn."

"Ta ló mọ̀ bóyá mẹ́ta náà nìkan ni? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé."

"Màámi á gbọ́ o."

"Kí wọ́n gbọ́."

Ó dúró díẹ̀ bóyá inú òun á bà jẹ́. Kò bà jẹ́. Ó tẹ àṣẹ náà. Ariwo ẹ̀rọ kú, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, títí yàrá fi pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ló fa fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń jábọ̀ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún olè, ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀, ó kọ ọ́ ní kíkún bí bàbá wọn ṣe sọ ọ́.

"Ṣé ẹ ti pa á?" àbúrò béèrè lórí fóònù.

"Mo ti pa á."

"Ìgbà wo ni mo lè tún un bẹ̀rẹ̀?"

"Òfin ní kí ẹni tó bá fún èèyàn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ má lo àwọn ẹ̀rọ yìí fún ọdún kan."

"Ta ló ṣòfin yẹn?"

"Èmi ni."