Abà Tí Ìlà Là sí Méjì

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Yẹ́misí ti ń ka àwọn èèyàn tó ti kú. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè ni: èèyàn mélòó ló ń gbé Ayọ̀bọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ oko? Ó fi ìwé ìkànìyàn àtijọ́ pín ilẹ̀ náà sí àpótí-àpótí lórí máàpù. Àpótí tí èèyàn inú rẹ̀ kò bá ti tó ọgbọ̀n, yóò yọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá Ìdíátù, onílé wọn tí wọ́n bí sí Abà Látòsà ní Ayọ̀bọ̀, tẹjú mọ́ máàpù náà.

"Abà wa dà?"

Yẹ́misí wá a títí. Àṣé àárín agbo ilé ni ìlà rẹ̀ gbà kọjá. Èèyàn mẹ́tàlélógún bọ́ sọ́tùn-ún, mọ́kàndínlógún bọ́ sósì, ló bá yọ méjèèjì dànù.

"Ìlà yìí ya yàrá ìyá mi kúrò lára ilé ìdáná rẹ̀!" ni màmá wí. "Ṣé ìlú kan la ti ń sùn ni, ká tó lọ se ọbẹ̀ nílùú kejì? Má pa bàbá mi rẹ́ jàre."

Ẹ̀rín pa Yẹ́misí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá yí ìlà padà, àfi kó tún gbogbo rẹ̀ kà látìbẹ̀rẹ̀. Ó pa ìlà náà rẹ́.

"Màmá, àwọn wo lẹ jọ ń pọnmi lódò kan náà? Àwọn ni mo fẹ́ kà pọ̀ báyìí."

Màmá sún mọ́ ọn lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn látilé bàbá rẹ̀.