Àlàyé Tí Dókítà Halvorsen Kò Kọ Sílẹ̀

Ohùn Dókítà Halvorsen ń gba ara ògiri wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Arlys gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ́tí. Láti àárọ̀ ni òwúsúwusù ti dìde láti orí adágún, ó ti bo títì, ó ti bo àwọn mọ́tò tó wà níwájú ilé ìwòsàn, débi pé ohùn yẹn nìkan ló dà bí ohun tó ṣẹ́ kù láyé.

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́," ni dókítà ń wí fún ọmọ kan. "Òwúsúwusù kékeré kan ni, ó tutù bí ìrì. Á wọ ihò imú rẹ, á sọ fún ara rẹ pé àlejò burúkú kan ń bọ̀, kí ó ti ilẹ̀kùn."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀, dókítà dáhùn. Ó tún béèrè, dókítà tún dáhùn. Inú Arlys dùn dé ìdí, nítorí àlàyé yẹn lè gba Dókítà Halvorsen, baba arúgbó náà, sílẹ̀.

Iṣẹ́ Arlys ni láti sọ ohun tí wọ́n bá ṣe fún aláìsàn di nọ́ńbà, kí ilé iṣẹ́ adójútòfò lè sanwó rẹ̀. Àjẹsára tí wọ́n kàn fọ́n sí ọmọ nímú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tí dókítà jókòó ṣàlàyé fún òbí ní òmíràn, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà ooru ni nọ́ńbà kejì yìí kò ti sí lórúkọ Halvorsen mọ́. Àwọn tó ni ilé ìwòsàn ní baba kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ mọ́, pé bí oṣù yìí bá tún parí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sinmi nílé. Irọ́ ni, Arlys mọ̀. Ó pẹ́ tí ògiri yìí ti ń sọ fún un. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ wọn le: ohun tí dókítà kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ náà, Wyatt Pelkonen. Nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ àjẹsára àti ihò imú méjèèjì. Àyè ti dókítà ló ṣófo.

"Ọ̀lẹ ni baba yìí sá," ló wí fún ara rẹ̀. Ó bu kọfí sí ife, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

Dókítà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìta.

"Dókítà, ẹ tún ti ṣe é. Ẹnu yín kì í sinmi, ọwọ́ yín ni kì í ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi kọ ìlà kan péré, pé ẹ ṣàlàyé fún ìyá Wyatt."

"Wyatt wo?"

"Ẹ má fi mí ṣeré o, baba yìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí."

Baba wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì nawọ́ sí àga. "Ẹ jókòó, ìyá ọmọ," ló wí. "Ẹ má bẹ̀rù. Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Òwúsúwusù kékeré kan ni..."

Arlys jókòó. Ó gbọ́ àlàyé náà látòkèdélẹ̀. Ó dùn, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ etí nìkan ló ti fi ń bá baba yìí gbé. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kó tó jókòó láti kọ̀wé ni ọmọ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Bí Arlys bá pe ìlà kan fún un báyìí, á kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là. Àmọ́ ọmọ mìíràn ń bọ̀ lọ́la, pẹ̀lú oògùn mìíràn tí baba lè gbàgbé pé òun ti fún un.

"Ṣé ẹ ní ìbéèrè kankan?" ni dókítà bi í.

Arlys gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá, Dókítà. Ó ti yé mi."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sì yan nọ́ńbà tí kò ní àlàyé nínú. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ Maren, ìyàwó dókítà, láago, pé kó jọ̀ọ́ wá mú baba lọ sílé, kó má fi í sílẹ̀ láti dá wa mọ́tò.