Orúkọ Àbúrò

Gọ́ọ̀mù ti mú ìka rẹ̀ mẹ́ta pọ̀ nígbà tí fóònù dún. Ìgbọ̀nwọ́ ni ìyá Abẹ́nugan fi tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀yìn ìwé tó ń lẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣeé gbé kalẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá lọ gbẹ, iṣẹ́ àárọ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó mi ti bí o! Obìnrin!"

"Háà! Ẹ kú oríire! Ìyá ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá dákẹ́. Ẹni yìí kì í dákẹ́ lásán. Láti kékeré, bó bá ti dákẹ́, ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Orúkọ yẹn, ẹ fún wa. Ẹ ò kúkú tíì lò ó."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ló kúkú fa gbogbo rẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan wà tí kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò kà á, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, tí a kì í rí ọ̀kan ká má rí èkejì. Ìyá tó bí i a máa kà á sí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí létí títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí òun náà wá bí obìnrin, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́, ó sì fi orúkọ àbúrò pamọ́ de èyí tó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. "Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀kan la bí, o ti sọ méjì lórúkọ!"

Ọdún mẹ́jọ rèé. Ibikíbi tí wọ́n bá ti pe orúkọ ọmọ náà, ẹni tó gbọ́ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì bi í. Tíṣà bi í. Ẹni tó ń ta bàtà pàápàá bi í. Wọn ò ní èrò ibi o, ìwé ni wọ́n rántí. Ṣùgbọ́n a máa dun ìyá ọmọ. "Ó ń bọ̀" ni ó kọ́ ọmọ náà láti máa dáhùn, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Abẹ́nugan, nítorí ọmọ tó lè bá ògiri jiyàn ni.

Lóṣù tó kọjá, dókítà sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé kò sí èyí tó ń bọ̀ mọ́. Wọn ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Jẹ́ kí n rò ó," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. Inú ń bí i. Rárá ló fẹ́ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìwé nílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òun, ìwé ló wò.

Lọ́sàn-án ó lọ mú Abẹ́nugan nílé ìwé. Ọmọ náà rojọ́ títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn kan tí ẹsẹ̀ èrò kò pọ̀ níbẹ̀.

"Abẹ́nugan, àbúrò rẹ kò ní wá mọ́ o."

Ọmọ náà dúró. Ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o, ọkọ mi! O ò ṣe nǹkan kan. Ara màmá ni kò gbà á." Ó fa ọwọ́ rẹ̀. "Àǹkù rẹ bímọ láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n fún wọn ní orúkọ àbúrò rẹ."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó."

"Ṣé kẹ́ ẹ lè máa dá nìkan pè é ni?" Abẹ́nugan ń wo bàtà ara rẹ̀. "Nínú balùwẹ̀ lẹ ti máa ń pè é. Ẹ máa ń ṣí omi kí n má baà gbọ́, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń dá yín lóhùn."

Ìyá rẹ̀ fara ti ògiri, ó sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tó nu ojú tán, wọ́n yà kúrò lọ́nà ilé, wọ́n gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti lọ wẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, kò bèèrè nǹkan kan, ó mú Abẹ́nugan jáde lọ ra omi. Ó ku òun àti ọmọ náà. Ó rọra pe orúkọ náà sí i létí. Ọmọ náà lajú díẹ̀, ó tún sùn lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ yọ orí wọlé. "Ẹ kú ewu o, màmá! Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí."

"Àmín o, ẹ ṣé."

Ó ti sọ ọ́ kó tó bojú wẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì sì ti lọ. Ó yẹ kó pè é padà, kó ní òun kọ́ ló bímọ. Kò pè é. Láti ọdún mẹ́jọ ló ti rò pé orúkọ lòun ń ṣọ́. Àṣé kíkí yìí lòun ń retí, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ó dùn ún wọra.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ wọlé, omi ṣì ń kán lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé kò yọ yín lẹ́nu?"

Ó dìde, ó gbé ọmọ fún ọlọ́mọ.

"O kú ewu o, ìyá..." ló wí, ó sì fi orúkọ náà parí rẹ̀, ketekete, kí gbogbo yàrá lè gbọ́.