Orúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Fìdí Rẹmi

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo mi nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Iyaro lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹ má bá mi wí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lójú Siluko Road, ọmọ tí orí rẹ̀ le ju òkúta lọ ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n Iredélé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ sọ mí di wèrè.

Ìdánwò àṣewọlé tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí ìṣirò wà nínú rẹ̀, ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é tí kò wọlé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá tún wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó di Oǹdó, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ránṣọ. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ náà gbọ́n. Ìṣirò ìṣeéṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní probability, kò le fún un rárá. Bọ́ọ̀lù pupa àti funfun inú àpò, dáìsì lúdò, wéré ló máa ṣe é. Àfi tí ìbéèrè bá ti kan ẹni tó fìdí rẹmi, tàbí ẹni tí jàǹbá ṣe. Òdo ló máa kọ. Òdo róbótó bí ẹyin.

Mo ní bóyá kò yé e ni. Mo kọ tuntun fún un, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sí i: ìṣeéṣe pé ọmọ kan tó ń jẹ́ Dọ̀tun á yege jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, ti Iredélé jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kí ni ìṣeéṣe pé àwọn méjèèjì á fìdí rẹmi?

Ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oliha Market dé, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé orí sókè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú ìdá kan tó kù lọ́wọ́ ọmọ mi? Ẹ jẹ́ kó pé mẹ́rin."

"Ìyàwó wa, ìṣirò ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó pé."

Kí n tó yíjú padà, Iredélé ti kọ òdo.

"Níbo lo ti rí òdo?"

"Aunty, I no go use my own hand write say I fail."

"Ta ló ní kó o fìdí rẹmi? Ìwé ló ń béèrè!"

"Mummy talk say wetin person write dey follow am."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ fèsì, kò tilẹ̀ tijú. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ."

Orí mi gbóná. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Àdúrà ni ọmọ yìí ń gbà nínú ìdánwò láti ọjọ́ yìí, kọ̀ǹpútà tó ń máàkì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín!

Mo pa orúkọ rẹ́, mo fi gílóòbù méjì rọ́pò wọn: kí ni ìṣeéṣe pé méjèèjì á jó, tí wọn ò ní tàn mọ́? Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìdá kan nínú méjìlá. Ó gbà á pátápátá, inú sì tún bí mi sí i.

"Ṣé wọ́n á bi ọ́ pé orúkọ ta lo fẹ́ ni? Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé nínú aláìsàn mẹ́wàá, mélòó ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, òdo náà lo máa sọ?"

Iredélé ń fi ìka họ etí tábìlì.

"Ó dáa, kọ orúkọ tèmi. Rẹ̀mílẹ́kún ni kó fìdí rẹmi. Kọ ọ́!"

"Aunty, abeg."

Mo lu tábìlì. Ó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó wọ kíṣìnnì lọ kí ojú rẹ̀ má baà rí i. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà là. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ fìdí rẹmi, ó fi ti Dọ̀tun, kò sì ṣi ọ̀kan. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an.

Mo ti ń kó ìwé mi sínú báàgì nígbà tó pè mí.

"Aunty, dem say na one person dem dey take out of every five for Nursing."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

Kò mú bírò. Ó wò mí lójú korokoro, ẹ̀rù kankan kò bà á.

"So make I no enter, na four over..."

Kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ mi ti bò ó lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín.